Igbe Ewé Tí A Kò Lè Fi Etí Gbọ́



Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò sì ké sí ẹnikẹ́ni ni a máa ń pa òwe yìí fún. Ṣùgbọ́n bóyá ni a ti rí ẹnìkan nínú wa tí ó fi òwe náà wo ewéko rí. Ewé kò ní ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi sá. Bí kòkòrò bá bà lé e tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ohun tí ojú wa ń rí kò ju pé ó dúró síbẹ̀, ó ń fara da ìyà. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú ọ̀nà oko lè rò pé ó ti gbà fún ikú. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ewé náà ń ké. Òórùn ni ó fi ń ké, àwọn kan sì wà tí ń gbọ́ igbe náà, tí wọ́n sì ń wá sí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ro ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kan ilé olúkúlùkù wa.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbàdo. Gbogbo ẹni tí ó ti ro oko rí ni ó mọ òórùn koríko tútù tí àdá ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Òórùn ọgbẹ́ ni ìyẹn. Kò sí ewé tí a fà ya tí kì í mú un jáde lọ́gán. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, Turlings, Tumlinson àti Lewis, kéde ohun tí ó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n fi kòkòrò ajẹwé sí ara àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, àgbàdo náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú òórùn mìíràn jáde, irú èyí tí kò sí lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òórùn yìí ni agbọ́n tín-ín-rín kan ń tọ̀ wá. Agbọ́n náà kì í ta ènìyàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti yé ẹyin sínú ara kòkòrò ajẹwé, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ kòkòrò náà láti inú wá.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà fi abẹ ya ewé àgbàdo lásán, ìpè náà kò jáde bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú itọ́ kòkòrò náà, tí wọ́n sì fi kan ojú ọgbẹ́ tí abẹ dá, ìpè náà jáde. Àgbàdo mọ ìyàtọ̀ láàárín irin àti ẹnu ọ̀tá rẹ̀! Ní ọdún 1997 ni a wá rí ohun náà gan-an nínú itọ́ kòkòrò tí ń mú kí àgbàdo ké. Volicitin ni a sọ ọ́.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́, ẹ̀yin ará. N kò wí pé àgbàdo ní ọkàn bí tiwa, tàbí pé ó mọ̀ pé òun ń pe ẹnikẹ́ni. Agbọ́n pẹ̀lú kò ṣàánú àgbàdo. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Ẹlẹ́dàá ni ó fi ètò sí ara ẹ̀dá rẹ̀, tí ẹnìkínní ń jẹ àǹfààní ẹnìkejì láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí ojú tì wá. Bí ewé tí kò ní ọkàn bá ní ohun tí yóò fi ké, tí kòkòrò tí kò ní àánú sì ń dáhùn, kí ni kí a wí nípa àwa tí Ọlọ́run fún ní ọkàn, ahọ́n àti etí?

Nísisìyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí oko tiwa, sí oko ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí. Kò sí ilé kan láàárín wa tí kò mọ gàrí. Nígbà tí owó bá tán lọ́wọ́, tí ẹran sì di ohun tí a ń fi ojú rí lásán, gàrí ni í dúró ti tálákà. Síbẹ̀, àlejò ni ẹ̀gẹ́ ní ilẹ̀ wa. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ará Pọ́túgà ti kó o wá sí Áfíríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí ó ń bọ̀, púpọ̀ nínú àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò bá a wá. Àwọn olùgbèjà rẹ̀ pẹ̀lú kò bá a wá.

Ní ọdún 1973 ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀tá náà lé e bá. Ní agbègbè Kinshasa àti Brazzaville, ní etí odò Kóńgò, ni a ti kọ́kọ́ rí i: kòkòrò kékeré kan tí ara rẹ̀ funfun, bí ẹni pé a bu ìyẹ̀fun lé e. Abo ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí ó nílò akọ kí ó tó bímọ. Kòkòrò yìí a máa fi ẹnu rẹ̀ tí ó rí bí abẹ́rẹ́ gún ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́, a sì máa fa oje rẹ̀ mu. Itọ́ rẹ̀ a máa ba igi náà jẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ewé yóò ká jọ, tí igi kò ní lè ga mọ́, tí orí rẹ̀ yóò sì dà bí ìdì ewé tí a so pọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń le jù. Bí àwọn ènìyàn ti ń gbé igi ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò gbìn láti ìlú dé ìlú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọ̀tá náà kiri láìmọ̀. Ní ọdún 1979 ó dé Nàìjíríà. Níbi tí ọ̀ràn náà ti burú jù, àgbẹ̀ a máa pàdánù tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìkórè rẹ̀. Ẹ rò ohun tí èyí jẹ́ fún ìyá tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìdí ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé láti fi bọ́ ọmọ mẹ́fà.

Ṣé ẹ̀gẹ́ náà kò ké ni? Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó fi ń ké ṣì wà lára rẹ̀, bí ó ti wà lára àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ igbe náà wà ní òdìkejì òkun. Ó ń ké ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, mo rò pé kò sí ìyà tí ó ju èyí lọ nínú ayé: kí ènìyàn wà nínú ìrora, kí ó ké, kí ó má sì sí olùgbọ́.

Àwọn onímọ̀ sì wí nínú ọkàn wọn pé, bí ó bá jẹ́ pé òkèèrè ni ọ̀tá yìí ti wá, olùgbèjà kan ní láti wà níbi tí ó ti wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ọdún 1981 ni Anthony Bellotti rí kòkòrò funfun náà ní orílẹ̀-èdè Paraguay. Kò di ìyọnu níbẹ̀ bí ó ti dì ní Áfíríkà, nítorí agbọ́n kékeré kan wà tí ń ṣọ́ ọ. Anagyrus lopezi ni àwọn onímọ̀ ń pe agbọ́n náà; kò tóbi ju orí ìṣáná lọ. Wọ́n kó o lọ sí Ìlú Ọba ná, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí ó má bàa mú ìpalára mìíràn wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó o wá sí Ìbàdàn, sí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru tí a ń pè ní IITA, níbi tí Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ti jẹ́ aṣáájú iṣẹ́ náà. Kí ọdún 1981 tó parí, wọ́n ti tú àwọn agbọ́n àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nígbà tí ó yá, wọ́n tilẹ̀ ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú wọn sí oko. Nígbà tí ó fi di ọdún 1990, agbọ́n náà ti fìdí múlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ju 20 lọ, ẹ̀gẹ́ sì ti gbérí ní púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1995 ni a fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n báwo ni ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí igi kan ṣoṣo tí ń ṣàìsàn láàárín oko ńlá? Ní ọdún 1987, Nadel àti van Alphen tẹ ìwádìí wọn lórí èyí jáde. Wọ́n fi agbọ́n náà sínú ọ̀pá dígí tí ó ya ẹ̀ka méjì bí pàlàkà igi, kí ó lè yan èyí tí ó wù ú láti tọ̀. Nígbà tí òórùn ẹ̀gẹ́ tí kòkòrò wà lára rẹ̀ bá ń ti ẹ̀ka kan bọ̀, ibẹ̀ ni agbọ́n náà máa ń tọ̀. Òórùn kòkòrò nìkan, láìsí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, kò fà á. Ohun tí ó tún yani lẹ́nu ni pé, bí kòkòrò bá wà lára apá kan igi ẹ̀gẹ́, àwọn ewé igi náà tí kòkòrò kò fọwọ́ kàn pẹ̀lú ń tú òórùn ìpè náà jáde. Gbogbo igi ni í ké nítorí ewé kan.

Ẹ̀yin olùkàwé mi ọ̀wọ́n, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a mú lọ sí ilé láti inú ọ̀rọ̀ yìí.

Èkíní, kí ẹni tí ó ní ọgbẹ́ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbéraga wà láàárín wa tí a ń pè ní ìfaradà. Ọkùnrin kan ti pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, síbẹ̀ ó ń múra ní àárọ̀ bí ẹni tí ń lọ sí ibi iṣẹ́, kí àwọn ará àdúgbò má bàa mọ̀. Ìyàwó kan ń sunkún ní òru, ó sì ń rẹ́rìn-ín ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìdè ẹ̀ṣẹ̀ kan, ó sì ti tó ọdún méjì tí kò dé ibi ìjẹ́wọ́, nítorí ojú ń tì í. Arákùnrin, arábìnrin, àgbàdo tí kò ní ọkàn kò fi ìbùjẹ ọ̀tá rẹ̀ pamọ́. Kí ni ìwọ fi ń pa tìrẹ mọ́? Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbọ́ igbe ni í wá ṣe ìrànlọ́wọ́. Òórùn ewé tí ó gbọgbẹ́ a máa fa àwọn kòkòrò ajẹwé mìíràn wá pẹ̀lú nígbà mìíràn. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé kí o yan ẹni tí ìwọ yóò sọ fún: àlùfáà níbi ìjẹ́wọ́, ọ̀rẹ́ tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, àgbà tí ẹnu rẹ̀ kì í já. Ṣùgbọ́n yan ẹnìkan, kí o sì sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí ẹni tí ọgbẹ́ kò kàn má ṣe dákẹ́. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kọ́ wa pé ara kan ni àwa jẹ́, àti pé bí ẹ̀yà kan bá ń jìyà, gbogbo ẹ̀yà ni ó bá a jẹ ẹ́. A ti gbọ́ ọ títí etí wa fi kún. Ṣùgbọ́n nínú oko ẹ̀gẹ́, a lè fi ojú rí bí ó ti rí: ewé tí ara rẹ̀ dá, tí kòkòrò kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ń bá ewé tí ń kú lọ ké. Ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àwọn onímọ̀ tún rí ohun tí ó kọjá èyí. Kòkòrò kan ń gbẹ́ ihò sínú pòròpórò àgbàdo níbẹ̀. Ní ọdún 1997 ni Khan, Pickett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde pé, bí a bá gbin irú koríko kan sí àárín àgbàdo, kòkòrò náà a dínkù, agbọ́n tí ń pa á a sì pọ̀ sí i. Koríko náà ń tú òórùn ìpè jáde láti ara rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò kankan kò ṣe é ní ibi. Ara tirẹ̀ le, ó sì ń ké nítorí aládùúgbò rẹ̀!

Ẹ̀yin ọmọ Màríà, ṣé èyí kò rán yín létí ìgbéyàwó ìlú Kánà? Ọkọ ìyàwó kò bẹ̀bẹ̀, ìyàwó kò bẹ̀bẹ̀. Bóyá wọn kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé ìtìjú ń bọ̀ wá bá wọn. Ìyá Olúwa wa ni ó rí i, òun náà ni ó sì lọ sọ fún Ọmọ rẹ̀ pé ọtí ti tán. Ọtí kọ́ ni ó ń wá fún ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ láti bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti wúwo: nínú àdúrà, níwájú olówó, níwájú ọ̀gá ibi iṣẹ́, níwájú ẹbí ọkọ tí ń fi opó ṣẹ̀sín.

Ẹ̀kẹta, kí a jẹ́ olùgbọ́. Ẹ rántí ohun tí Ọlọ́run sọ fún Mósè láti inú igbó tí ń jó: ó wí pé òun ti rí ìpọ́njú àwọn ènìyàn òun, òun ti gbọ́ igbe wọn, òun sì ti sọ̀kalẹ̀ wá láti gbà wọ́n. Ríri ni ó ṣáájú, gbígbọ́ tẹ̀ lé e, sísọ̀kalẹ̀ sì parí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí, a sì ń gbọ́. Sísọ̀kalẹ̀ ni ó ṣòro. Ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa ìbá ti kú tán bí kò bá sí ẹni tí ó la òkun kọjá lọ wá olùgbọ́ fún un. Kì í ṣe ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ ni Olúwa ń rán wa. Láti orí ìjókòó tí ìwọ ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí dé èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ, ẹsẹ̀ mélòó ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aláìnísùúrù pẹ̀lú. Nígbà tí àgbẹ̀ bá rí kòkòrò lóko, ohun tí ó máa ń yá a lára ni láti da oògùn olóró sí gbogbo ilẹ̀. Oògùn náà a pa kòkòrò, a sì pa agbọ́n pẹ̀lú. Bí ó bá yá, kòkòrò a padà, kò sì ní bá olùṣọ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ líle tí a ń sọ nínú ìbínú, òfófó, àti ẹ̀gàn ṣe ń rí nínú ìjọ. A rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni a ń bá wí, nígbà tí ó jẹ́ pé a ti lé àwọn tí ìbá ràn án lọ́wọ́ sá. Kí ẹ sì mọ̀ pẹ̀lú pé agbọ́n náà kò pa kòkòrò funfun run tán ní oko wa. Kòkòrò náà ṣì wà díẹ̀díẹ̀, agbọ́n sì ń ṣọ́ ọ títí di òní. Bẹ́ẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ènìyàn rí. A lè má lè mú ìṣòro arákùnrin wa kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n bí a bá wà níbẹ̀, kò ní borí rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè ṣáájú oorun: ta ni ó ń ké nítòsí mi tí n kò gbọ́? Ó lè jẹ́ ìyá tí kò wá sí Mísà mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó lè jẹ́ ọmọ tí a lé ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó. Ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó wà nínú ilé rẹ gan-an. Igbe rẹ̀ lè má jẹ́ ohùn. Ó lè jẹ́ aṣọ kan náà ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tàbí ìdáhùn kúkúrú níbi tí àwàdà ti máa ń pọ̀. Kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, dé ilé onítọ̀hún. Má ṣe rán ẹnikẹ́ni. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn. Bí o bá sì jẹ́ pé ìwọ gan-an ni ó ń dákẹ́ nínú ìrora, kí o ké sí ẹnìkan kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Kí Olúwa wa Jésù Krístì, tí ó gbọ́ igbe wa tí ó sì gbé ara ènìyàn wọ̀ nítorí wa, ṣí etí wa, kí ó sì tú ahọ́n wa. Ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.